Okùn Ẹnu Àpò Òjìji

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin àlejò. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn mi, kó dìde kó wá síwájú, torí pé ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa wò wà nínú àwo yìí, nílẹ̀, láàárín wa. Fọ́nrán okùn dúdú kékeré kan ni, kò gùn ju ìka ọmọdé lọ. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti wà nínú ọwọ́ mi, ìjẹta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Oòrùn ṣì ga díẹ̀, n ó sì ti sọ ìtàn mi tán kó tó lọ sílẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo wa jọ wà níbí nígbà tí òjìji bá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn.

Èmi Ọdẹ́jìnmí ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń pè mí ní Baba Ọlọ́wọ́-wíwú, ẹ̀yìn ìgbà tí mo ti gbó lẹ tó mọ̀ mí. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, bí mo bá húkọ́ nínú igbó, ẹfọ̀n á yà fún mi lọ́nà. Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Àwọn tó lè jẹ́rìí sí i ti kú tán, ìyẹn lẹ ṣe rí mi fi ṣẹ̀sín.

Awẹ̀ró, ìyàwó mi tó ti lọ sinmi, ló ń hun àpò àwọ̀n fún gbogbo ọdẹ Òkè-Àfọ̀n nígbà náà. Kì í ta kókó sí àwọ̀n rẹ̀ bíi ti àwọn apẹja. Ojú kan ló fi ń kọ́ ojú kejì lọ́rùn, títí àpò á fi pé. Lẹ́yìn náà, á ki okùn kan gba inú àwọn ojú tó wà létí ẹnu àpò yí ká, kí ẹnu lè pa dé bí a bá fà á. Ṣùgbọ́n kò ní fún ọ ní àpò náà bẹ́ẹ̀. Á yí i padà, á mú ẹ̀yìn ẹnu àpò, níbi tó dojú kọ ọwọ́ tí ń fa okùn, á so àárín okùn náà mọ́ àwọ̀n níbẹ̀ gírígírí. Ìdè ẹ̀yìn ló ń pè é. Bí ìdè ẹ̀yìn bá wà, o lè fa etí okùn títí ó fi máa rẹ̀ ọ́, kò ní yọ́ jáde.

Àwa ọdẹ kò fẹ́ràn rẹ̀. Ọdẹ tí ẹranko ń bọ̀ wá bá fẹ́ kí ẹnu àpò ṣí gbayawu lẹ́ẹ̀kan náà kó lè tọwọ́ mú agbè ẹ̀tù, ìdè ẹ̀yìn kì í sì í jẹ́ kó ṣí tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, gbogbo wọn á dúpẹ́ lọ́wọ́ Awẹ̀ró, wọ́n á gba àpò, bí wọ́n bá sì dé ẹ̀yìn odi, wọ́n á yọ ọ̀bẹ, wọ́n á gé e. Èmi nìkan ni n kò gé tèmi. Ẹ má rò pé ọgbọ́n ni o. Èmi ni mo ń bá obìnrin náà gbélé, ó sì máa ń yẹ àpò mi wò bí mo bá ti dé, ẹnu rẹ̀ kò sì dára.

A bí ọmọbìnrin kan, Moṣebọ́látán. Ọmọ náà jẹ́ ẹ̀rín ilé mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń sá láfún lórí àpáta nígbà tí bàbá kan dé bá a. Bàbá náà kò dé fìlà, òógùn kò sì sí lára rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, oòrùn yìí ń pa mí. Jẹ́ kí n dúró sí ibòòji rẹ díẹ̀."

Ẹ mọ bí a ti ń tọ́ ọmọ nílùú yìí. Bí àgbà bá béèrè nǹkan, ọmọ á ti dáhùn kó tó sọ ọ́ tán. Moṣebọ́látán kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ dúró síbẹ̀, bàbá, kò sí wàhálà." Nígbà tí bàbá náà lọ, òjìji ọmọ mi bá a lọ.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ọmọ náà wọ àgbàlá, Awẹ̀ró wo ilẹ̀. Odó ní òjìji, ewúrẹ́ ní òjìji, kódà ìgbálẹ̀ tó fara ti ògiri ní òjìji. Moṣebọ́látán dúró láàárín wọn, ilẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ sì mọ́ gbòò. Láti ọjọ́ náà ni oòrùn ti ń là á kọjá. Ó ń gbẹ. Awọ ara rẹ̀ ń hunjọ, kì í dáhùn bí a bá pè é, ibi tí oòrùn ti mú jù ló máa ń lọ jókòó sí. Mo máa ń gbé e wọ inú ilé, á tún wọ́ ara rẹ̀ jáde. Ọkàn mi bàjẹ́ ju bí mo ti lè sọ lọ. Mo ti rí ikú lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tó ń jókòó sí àgbàlá mi tó ń wò mí.

Ohun kan náà ṣe ìyá Akíndèjì, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣọdẹ. Àwọn àgbà ọdẹ sọ fún wa pé Oníbòòji ló ń ṣe èyí, pé ìlú rẹ̀ wà lẹ́yìn igbó ìwọ̀-oòrùn, àti pé ẹni tó bá lè gba òjìji ènìyàn rẹ̀ níbẹ̀, tó sì gbé e délé, onítọ̀hún á yè. Èmi àti Akíndèjì gbé ìbọn, a gbé àpò àwọ̀n wa, a lọ.

Nínú igbó náà, a pàdé iwin kan tí ojú rẹ̀ wà ní ìpàkọ́. Bó bá ń bọ̀, ẹ ó rò pé ó ń lọ ni. Akíndèjì tiẹ̀ ti ń kí i pé ó dìgbóṣe nígbà tí iwin náà gbá a mú lọ́rùn. Mo fò mọ́ ọn. A jà títí ibi tí a dúró sí fi di kòtò. Ẹ wò mí báyìí, ẹ lè má gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé iwin náà lulẹ̀, mo sì jókòó lé e láyà, tàbí lé e lẹ́yìn, n kò mọ èwo ni èwo lára rẹ̀. Nígbà tó rí i pé n kò ní dìde, ó júwe ọ̀nà fún wa.

Ó ní, "Ẹ ó gba ìlú tí wọn kì í ti í de nǹkan kan kọjá, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ ó dé ọ̀dọ̀ Oníbòòji. Mo máa ń rí àwọn tó ń lọ. N kò tíì rí ẹni tó ń bọ̀, ojú mi sì wà lẹ́yìn."

Ìlú tó ń sọ náà ń jẹ́ Atúdìí. Bí a ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ibẹ̀, okùn ṣòkòtò mi tú. Mo so ó, ó tún tú. Okùn ìbọn Akíndèjì tú, ìbọn bọ́ sílẹ̀. Ìdè ẹ̀yìn àpò mi tú, ti Akíndèjì ti wà ní gígé láti ilé. Ọwọ́ kan ni gbogbo ará ìlú fi ń di aṣọ wọn mú, ọwọ́ kejì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Kò sí ìyá tó pọn ọmọ. Ewúrẹ́ wọn kò ní okùn lọ́rùn, òkúta ni wọ́n tò lé orí ilé wọn dípò ìdè. Gbogbo wa dúró níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ilé ìwẹ̀.

Ìyá arúgbó kan ni olórí wọn. Yẹtí bàbà ńlá méjì wà létí rẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tó fa èyí.

Ó ní, "Ọmọ mi, okùn ni wọ́n fi de àwọn bàbá wa lọ́rùn, tí wọ́n fi fà wọ́n dé ibí. Nígbà tí wọ́n bọ́ níbẹ̀, wọ́n búra pé ohunkóhun kò tún ní wà ní dídè lórí ilẹ̀ yìí. Ilẹ̀ gbọ́ ìbúra náà. Ẹ kọjá, ẹ di aṣọ yín mú."

A kọjá. Nígbà tí a dé ìta ìlú, mo jókòó, mo tún so ìdè ẹ̀yìn mi bí Awẹ̀ró ti ń ṣe é. Akíndèjì dúró lé mi lórí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, Awẹ̀ró kò sí níbí o. Ta lò ń bẹ̀rù?"

Mo ní, "Ìwọ kò mọ̀ ọ́n ni." Mo sì so ó tán.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìlú Oníbòòji ni n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lára yín rí láéláé. Oòrùn wà ní àtàrí níbẹ̀, kì í sún. Kò sí igi, kò sí koríko. Ṣùgbọ́n ọjà ńlá kan wà láàárín ìlú, òrùlé dúdú sì bò ó láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, àwọn ará ibẹ̀ nà gbalaja sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń gbatẹ́gùn. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, orí mi wú. Òjìji ènìyàn ni wọ́n rán pọ̀ tí wọ́n fi ṣe òrùlé náà. Mo rí òjìji obìnrin tó wé gèlè. Mo rí ti ìyá tó pọn ọmọ, ti ọmọ náà sì ń jalẹ̀. Mo ń wò wọ́n lọ títí mo fi rí ọwọ́ tín-ín-rín kan tó na ìka bí ẹni tó ń tẹ́ láfún. Omi bọ́ lójú mi. Mo ti mọ ọwọ́ náà láti ìgbà tó kéré ju àtàǹpàkò mi lọ.

Bàbá tí kò dé fìlà, Oníbòòji fúnra rẹ̀, jáde wá bá wa. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, "Ẹ má yọ ìbọn. Mo máa ń fún gbogbo ẹni tó bá wá béèrè. Kí lẹ ó fi gbé e?" Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àpò awọ, ìkòkò àti agbè kún ibẹ̀. "Òjìji kú sínú gbogbo ìyẹn. Bí kò bá rí ìmọ́lẹ̀, ó parí. Nítorí náà, ẹ dáhùn. Kí ni wọ́n fi ihò ṣe láti òkè délẹ̀, tó sì ń gbé ẹrù?"

Mo ronú títí òógùn fi wọ̀ mí lójú. Mo fẹ́ nu ojú, ọwọ́ mi kan àpò tó wà léjìká mi. Mo ní, "Àwọ̀n ni."

Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n kò bínú. Ó tú òjìji ọmọ mi kúrò lára òrùlé, ó tú ti ìyá Akíndèjì, ó ká wọn, ó kì wọ́n sínú àpò wa. Wọ́n wúwo bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún omi ara rẹ̀.

Ó ní, "Oòrùn á máa gba ojú àwọ̀n, òjìji kì í gbà á. Ẹnu àpò nìkan ló lè bá jáde. Bí ẹni tó gbé e kò bá jọ̀wọ́ okùn, tiyín ni. Ọjọ́ tó bá jọ̀wọ́ rẹ̀, tèmi ni, ì báà pẹ́ tó bí ó ti wù kó pẹ́. Ẹ máa lọ. Ojú ọ̀nà ni mo ti máa ń gbà á padà."

A kò tíì rìn jìnnà sí ìlú náà tí a fi rí i pé oòrùn tún ti ń sún. Lọ́sàn-án, òjìji kéré, ó dákẹ́ sí ìsàlẹ̀ àpò. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ó kún àpò, ó ń ti ẹnu rẹ̀. Àpò mi ń jà léjìká mi bí ẹran tó kó sí pàkúté. Okùn le, ó fà, ìdè ẹ̀yìn sì dì í mú. Mo bojú wo Akíndèjì.

Òjìji ìyá rẹ̀ ti rí etí okùn kan mú láti inú. Ó ń fà á. Etí kejì ń sáré wọlé, ojú kan tẹ̀lé ojú kejì, kò sì sí ohunkóhun lẹ́yìn tó dá a dúró. Akíndèjì ju ọwọ́ sí i, ọwọ́ rẹ̀ bá òfìfo. Okùn yọ́ jáde pátápátá, ẹnu àpò là, òjìji náà sì nà sílẹ̀, ó ń lọ padà sí ibi tí a ti wá.

Akíndèjì pè é, "Ìyá mi! Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́!"

Ó sáré tẹ̀ lé e. Mo ń pè é, mo ń pè é. Ó wẹ̀yìn wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó tún sáré lọ. N kò rí i mọ́ títí di òní. Bí mo bá tẹ̀ lé e, ọmọ mi á kú. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún, mo dìde, mo ń lọ ilé.

Iná ni mo ń fi àpò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú, kí òjìji má bàa kú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tí ògiri Atúdìí fi yọ. Ìdè ẹ̀yìn á tú níbẹ̀, ìrọ̀lẹ́ sì ti ń bọ̀. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Mo jókòó sí ìta ìlú, mo ń ronú ohun tó lè dúró lára nǹkan láìsí kókó, mo wá rántí yẹtí tó wà létí ìyá arúgbó náà. Kò tú. Kò sí ẹni tó so ó. Ara ló dì í mú.

Mo yọ abẹ́rẹ́ tí mo fi ń rán awọ. Mo tú ìdè ẹ̀yìn fúnra mi, mo fa àárín okùn náà jáde, mo sì rán an mọ́ ẹran tó wà láàárín àtàǹpàkò mi àti ìka tó tẹ̀ lé e. Mo rán an lọ, mo rán an bọ̀, n kò ta kókó sí i. Ẹ̀yin tó ń dijú yẹn, ẹ la ojú yín, èmi kò dijú. Nígbà tó yá, ẹran náà wú, ó fún okùn mọ́ra.

Ìyá arúgbó náà dá mi dúró. Àpò ń jà lọ́wọ́ mi, ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀.

Ó ní, "Kí lo dè?"

Mo ní, "N kò de nǹkan kan, ìyá."

"Kí ló wá di ẹnu àpò yẹn mú?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó wo ọwọ́ mi títí. Ó fọwọ́ kan yẹtí rẹ̀. Ó ní, "Kọjá, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra. Ọjọ́ tó bá jáde lára rẹ ni yóò tú."

Mo délé. Moṣebọ́látán jókòó sórí àpáta, ó ti rí bí ewé gbígbẹ. Mo ṣí ẹnu àpò sí ẹsẹ̀ rẹ̀, òjìji rẹ̀ ṣàn jáde, ó mọ̀ ọ́n, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ náà gbé ojú sókè.

Ó ní, "Bàbá mi, oòrùn yìí mà mú o. Ẹ fún mi lómi."

Awẹ̀ró gé àpò kúrò lára mi, ṣùgbọ́n fọ́nrán tó wà nínú ẹran kò jáde. Ó wo ẹ̀yìn àpò, ó wo ọwọ́ mi, ó jókòó tì mí, kò sì bá mi sọ ìsọkúsọ lọ́jọ́ náà. Ìyá Akíndèjì gbẹ tán lórí àpáta kan náà kí oṣù tó lé. Èmi ni mo sin ín.

Láti ìgbà náà, bí òjìji bá ti ń gùn nírọ̀lẹ́, okùn inú ọwọ́ mi á fà. Ibi tí Moṣebọ́látán bá wà ló máa ń fà sí. Nígbà tó lọ sílé ọkọ ní Odò-Àgbàrá, ó ń fà sí ìlà-oòrùn. Lọ́jọ́ tó bímọ, ó fà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ju ṣíbí sílẹ̀. Ẹ̀yin rò pé ọwọ́ wíwú ń dùn mí, ṣé? Ìròyìn ọmọ mi ni mò ń gbà.

Ìjẹta ni ọwọ́ náà gbiná. Ìyàwó ọmọkùnrin tí mo bí tẹ̀lé Moṣebọ́látán, Ìyá Dúró tó jókòó sẹ́yìn yẹn, fi omi gbígbóná àti aṣọ jó o fún mi, ọyún jáde, fọ́nrán okùn yìí sì bá a jáde. Ìyàwó, má sunkún. Ara mi lo fẹ́ kó yá, o kò sì mọ̀. Èmi náà yọ̀ pé mo rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n lánàá, ọwọ́ mi kò fà, mo sì rántí ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó Atúdìí. Mo ti rán ènìyàn sí Odò-Àgbàrá, kò tíì dé. Ìdí nìyí tí mo fi fi okùn náà sínú àwo, tí mo sì pè yín kí ẹ bá mi wò ó.

Ẹ wo ilẹ̀. Òjìji yín ti ń gùn. Ẹ wo inú àwo báyìí.

Ó mira. Ẹ rí i? Ó gbé orí. Òjìji gbogbo wa kọrí sí ìlà-oòrùn, òun ń yí padà. Odò-Àgbàrá kọ́ ló kọjú sí. Igbó ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí.

Oníbòòji ti tún mú ọmọ mi.

Ẹ má dìde, ẹ má pariwo. Ẹ bá mi gbé àpò Awẹ̀ró tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá Dúró, nu ojú rẹ, mú abẹ́rẹ́ wá. Mo ti gbó, ìwọ ni wàá rán an. Fi okùn yìí mọ́ okùn àpò, kí o rán an mọ́ ọwọ́ mi níbi tó ti wà tẹ́lẹ̀, lọ bọ̀, lọ bọ̀. Ṣùgbọ́n má ta kókó sí i, ìyàwó. Mò ń padà lọ, Atúdìí ṣì wà lójú ọ̀nà.